Máṣíìnì Tó Lẹ́ni Tó Ni Ín

Ọdún márùn-ún ni máṣíìnì ìránṣọ kan fi wà ní igun yàrá àlejò wa ní Agbowó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, tí ẹnikẹ́ni kò fi rán nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Orí rẹ̀ dúdú, ó sì ní òdòdó aláwọ̀ wúrà lára. Màmá mi fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n fi okùn di aṣọ náà mọ́ ọn nísàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń di ẹrù tó fẹ́ rìn jìnnà. Bí àlejò bá fẹ́ gbé ife omi lé e lórí, màmá mi á ti dìde kí ife náà tó débẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé nǹkan lé e. Ó lẹ́ni tó ni ín."

Bùláòsì mi wà lábẹ́ aṣọ funfun yẹn, abẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀. Apá kan ti wà lára rẹ̀, wọ́n ń so èkejì mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ dúró. Mo bẹ màmá mi títí pé kí n yọ ọ́, nítorí aṣọ mi ni, owó mi ni mo fi rà á. Wọ́n ní bó ṣe wà nígbà tí wọ́n fi sọ́wọ́ àwọn ni yóò ṣe wà. Ẹni tó bá mọ màmá mi kò ní bá wọn jiyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí ni mo ń pe ẹni tó ni máṣíìnì náà. Ọmọ Gánà ni, ará Kùmásì. Ó dé sí Agbowó nígbà tí owó epo ṣì ń dún nílùú wa, tí àwọn ará Gánà ń wọlé wá ṣiṣẹ́ ṣáá: tíṣà, bíríkìlà, télọ̀, onídìrí. Ó gba ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti màmá mi, níwájú ilé tí a ń gbé. Màmá mi ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àǹtí ń rán aṣọ fún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú òwú náà lédè Àṣàǹtì. Màmá mi dá a lóhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù tiwọn, lédè kan náà, pé òwú kò ṣẹ̀ ẹ́, kó wo bó ṣe fi abẹ́rẹ́ sí i. Igbe tí Àǹtí ké lọ́jọ́ náà, gbogbo ará ilé ló sáré jáde.

Kùmásì ni wọ́n ti bí màmá mi. Ará Ṣakí ni bàbá àti ìyá wọn, àwọn Yorùbá tó fẹsẹ̀ rìn dé Gánà nígbà tí ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Gold Coast, wọ́n sì fi òwò jókòó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni màmá mi ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ bàbá mi, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ilé-ìwé kékeré ni mo wà nígbà tí ìjọba ibẹ̀ sọ pé gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Títí di ọjọ́ yẹn, màmá mi kò mọ̀ pé àlejò ni àwọn. Ẹni tí wọ́n bí sí ojúlé kan, tó lọ́kọ níbẹ̀, tó bímọ níbẹ̀, ẹ ní kó lọ mú ìwé wá!

Àwọn náà ní máṣíìnì nígbà yẹn. Awakọ̀ tó kó wa wálé kò gbà kó wọ mọ́tò, ó ní ibi tí irin máa jókòó sí, èèyàn mẹ́ta lè jókòó síbẹ̀. Màmá mi gbé e lọ fún obìnrin Àṣàǹtì kan tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé, wọ́n ní kó bá àwọn tọ́jú rẹ̀, àmánà ni. Àmánà ni àwa Mùsùlùmí ń pe ohun tí ẹnìkan bá fi sọ́wọ́ ẹni títí yóò fi padà wá gbà á. Bàbá tó bí màmá mi, àfáà ni, bí wọ́n sì ṣe kọ́ wọn ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó tó kí èèyàn lo àmánà. Owó tí wọ́n bá fi sọ́wọ́ rẹ, owó yẹn gan-an ni kí o dá padà, kó má ṣe jẹ́ òmíràn tó jọ ọ́.

A dé Ìbàdàn. Bàbá mi kò pẹ́ láyé lẹ́yìn tí a dé, ọjà tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n ń rò títí wọ́n fi kú. Màmá mi di oníṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n ra máṣíìnì mìíràn kí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Mo ní máṣíìnì. Kùmásì ló wà." Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé wọ́n ń fi ṣàwàdà ni.

Ó wá di oṣù kìíní ọdún 1983. Mo ti ń kà nípa òfin ní yunifásítì nígbà náà, ilé ni mo ti ń lọ torí kò ju kí n sọdá títì lọ. Rédíò ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sílùú wọn, ọ̀sẹ̀ méjì. Àǹtí jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù màmá mi, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó bó ẹyọ mìíràn sẹ́nu. Màmá mi na ọwọ́, wọ́n pa rédíò.

"Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni," ni wọ́n wí.

Èmi ni mo bínú. Inú mi máa ń tètè ru, ogún bàbá mi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọn ò lè ṣe é, pé àdéhùn wà láàárín àwa àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká pé kí ará ọ̀dọ̀ oníkálukú máa wọlé kó máa jáde, pé òfin wà. Àǹtí ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọrin fún àlejò. Màmá mi ní, "Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Jẹ́ kó jẹ ẹ̀pà ẹ̀ ná."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní òfin àgbáyé wọ kíláàsì, kò ṣí ìwé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn ní láti na etí kó tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́ o, èmi ni mo ń tú u báyìí. Ó ní ìjọba lè lé àlejò, kò sí ẹni tó ní kó má lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lé àlejò. Wọ́n á pe ẹni náà, wọ́n á sọ ohun tó ṣe fún un, wọ́n á gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá kó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ nítorí ibi tí wọ́n ti wá tàbí ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ, a ò lè pe ìyẹn ní ìdájọ́, nítorí wọn ò gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn ìjọba Áfíríkà ti jọ kọ ìwé àdéhùn kan tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tiwa kò tíì sọ ọ́ di òfin.

Mo lè fi kún un fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á pé a sọ ọ́ di òfin lọ́dún yẹn kan náà. Àwọn èèyàn náà ti lọ nígbà yẹn. Ìgbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn lẹ́nu mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Sà, ṣé àwọn ará Gánà yìí náà kọ́ ló lé tiwa nígbà kan?" Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Mo dìde. Mo ní èmi tí ẹ ń wò yìí, mo wà lára àwọn tí wọ́n lé. Mo ní n kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ẹ̀san, n kò sì mọ ẹni tó gba ẹjọ́ mi rò tí kò bi mí. Olùkọ́ wa mi orí, ó ní kí n jókòó, ó wá ṣí ìwé rẹ̀. Mo délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún màmá mi, ti olùkọ́ àti tèmi. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ dópin.

"Ọ̀rọ̀ yẹn dáa," wọ́n ní. "Wá bá mi gbé páálí ọṣẹ yìí."

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bí ẹnìkan bá ń lọ tí kò ní padà, gbogbo ohun tó ní di ọ̀pọ̀, gbogbo Ìbàdàn ló sì mọ̀. Láti Mọ́kọ́lá títí dé Bódìjà, wọ́n ń ra fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì, rédíò lọ́wọ́ àwọn ará Gánà ní iye tí n kò ní fi ẹnu mi sọ. Àwọn kan tí a jọ ń kí ara wa ní mọ́ṣáláṣí wà lára wọn. Màmá mi kò rà, wọ́n kò sì gbà kí n rà. Mo ti rí tábìlì ìkàwé kan tó wù mí. Wọ́n ní, "Ohun tí ẹlẹ́kún ń tà, a kì í fi ẹ̀rín rà á."

Bàbá onílé wa náà wá. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, àwọn bàbá rẹ̀ ló ni ilẹ̀ tí gbogbo òpópónà wa wà. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, ó kàn jẹ́ pé ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ìyá lọ́yà ló máa ń pe màmá mi láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì, ní Agbowó sì rèé, gbogbo èèyàn ló gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá lọ́yà," ó ní, "ẹ bá mi sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó fi máṣíìnì yẹn sílẹ̀ fún ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò lè gbé e dé Gánà. Mi ò ní rẹ́ ẹ jẹ."

Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rí i tó fẹ́ lanu. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ gbà, torí kí ló tún kù?

"Bàbá, kì í ṣe títà," màmá mi ní. "Ó ti fi sọ́wọ́ mi. Àmánà ni."

Kò tíì fi sọ́wọ́ wọn o. Wọn ò tíì jọ sọ ọ́ rí. Bàbá onílé wo Àǹtí, Àǹtí wo màmá mi, ó sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá onílé lọ. Àǹtí wá jókòó sórí páálí ọṣẹ, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí rédíò ti sọ̀rọ̀.

Bùláòsì funfun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń wọ̀ sórí síkẹ́ẹ̀tì dúdú ló ń rán fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tí ó ń lọ. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ní òun kì í fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀ lọ. Ó ti so apá kan, ó ti fi èkejì sábẹ́ abẹ́rẹ́, takisí sì ti dé, dírẹ́bà ń fọn fèrè bí ẹni tí wọ́n sọ iná sí nídìí. Àǹtí ṣáà ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ló tó dìde. Kò gé òwú. Ó fi ọwọ́ gbá máṣíìnì náà lórí jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ bá mi wò ó."

"Màá wò ó."

Gáréèjì ní Challenge la bá wọn dé, ibi tí mọ́tò Èkó ti ń gbéra. N kò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n jókòó lórí ẹrù, wọ́n dúró lórí ẹrù, ọmọ ọwọ́ wà láàárín ẹrù. Báàgì oníláìnì pupa àti búlúù wà níbi gbogbo. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ tí wọ́n wá ń pe báàgì yẹn, èmi kì í pè é. Bí mo bá dé ọjà, mo máa ń ní kí wọ́n fún mi ní báàgì ńlá yẹn, bí wọ́n bá sì dárúkọ, màá dákẹ́.

Kí Àǹtí tó wọ mọ́tò, màmá mi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n júwe ojúlé kan fún un ní Kùmásì, èyí tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí kékeré, tó ní igi mángòrò lẹ́yìnkùlé. Obìnrin báyìí wà níbẹ̀, bí kò bá tíì kú.

"Má bèèrè máṣíìnì lọ́wọ́ ẹ̀ o. Kíkí ni kó o kí i. Ṣáà fojú wò ó bóyá ó wà."

Mo wá mọ̀ lọ́jọ́ náà pé màmá mi kò ṣàwàdà rí. Gbogbo ọdún yẹn, wọ́n ń retí máṣíìnì kan, wọ́n sì ń bẹ̀rù láti béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, a gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè tó wà níwájú ti ti bodè wọn, pé àwọn èèyàn há sí Ṣẹ́mẹ̀ létí òkun, kò síwájú kò sẹ́yìn. A ò mọ̀ bóyá Àǹtí dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Gánà bọ̀, màmá mi á bi í. Wọ́n á ní ìlú náà tóbi.

Báyìí ni máṣíìnì ṣe wọ yàrá wa. Bí wọ́n ṣe so ó yẹn, màmá mi kò tú u. Bàbá onílé kò jẹ́ kó sú òun. Lọ́dún kejì ó ní, "Ìyá lọ́yà, èmi náà kéwú díẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ní kéèyàn má kán epo sí àmánà. Irin ni, ó máa dógùn-ún." Èmi náà gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní ìtọ́jú wà lára ìpamọ́, bẹ́ẹ̀ ni òfin wí.

Màmá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ ohun tó ń ṣe mí. Bí mo bá kán epo sí i lónìí, màá ní kí n yí i wò bóyá epo náà wọlé. Bí mo bá yí i, màá ní kí n kàn fi rán etí ìró mi. Ẹ ó bá mi níbẹ̀ lọ́la tí mo ń rán agbádá." Wọ́n na ọwọ́ wọn méjèèjì sí wa. "Ọwọ́ yìí ni mi ò fọkàn tán."

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ kó tó tán. Ọdún ń gorí ọdún, náírà ń wálẹ̀. Mílíìkì wọ́n, ṣúgà wọ́n, ọṣẹ gan-an di ohun tí wọ́n ń gé tà. Pákó ṣọ́ọ̀bù màmá mi ṣófo títí ó fi ku kẹrosíìnì nìkan, èyí tí wọ́n ń bù sínú ìgò tò síwájú ìta. Àwọn tó mọ̀ pé wọ́n mọ aṣọ rán ń gbé aṣọ wá, wọ́n ń dá a padà. Mo ti di lọ́yà nígbà yẹn, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ring Road, owó oṣù mi kò sì ju kí n fi wọ mọ́tò lọ bọ̀ kí n sì fi ìyókù jẹun. Inú máa ń bí mi bí mo bá délé tí mo bá wọn tí ọwọ́ wọn ń rùn fún kẹrosíìnì, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà ní igun yàrá tó wé aṣọ funfun. Mo sọ ọ́ sí wọn lójú lọ́jọ́ kan. Mo ní ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó wà láyé, a ń fi ebi jọ́sìn fún un.

"Bó o bá fi nǹkan sọ́wọ́ ẹnìkan, tí wọ́n wá lé ẹ," wọ́n ní, "báwo lo ṣe fẹ́ bá a?"

Mo lọ bá wọn kó ìgò kẹrosíìnì wọlé. Lọ́yà ni mí o.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Àǹtí dé, ní ọdún karùn-ún. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i láti ojú fèrèsé, tó dúró sí títì tó ń wo ilé wa bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà. Ó ti rù. Irun funfun ti yọ létí rẹ̀. Ó ní òun wá ra ọjà ní Èkó, torí pé ní báyìí owó tiwọn ló sàn díẹ̀, òun wá ní kí òun yà. Màmá mi dì mọ́ ọn, wọ́n jọ ń sọ èdè Àṣàǹtì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ń gbọ́ èkejì. Kí wọ́n tó fún un lómi, wọ́n fà á lọ sí igun yàrá.

"Wò ó," wọ́n ní. "Bó o ṣe fi sílẹ̀."

Wọ́n tú okùn. Wọ́n ká aṣọ funfun kúrò. Bùláòsì mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti pọ́n. Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí, ó jókòó, ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ máṣíìnì kó yí i. Kò yí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Kò yí. Ó tẹ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò lọ. Ìpáàrà ti bo gbogbo irin tó wà nídìí abẹ́rẹ́.

"Màmá, ẹ ò lò ó rárá?"

"Àmánà ni."

"Ẹ ò kán epo sí i?"

Màmá mi ń wo máṣíìnì náà, n kò sì fẹ́ wo ojú wọn. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí símẹ́ǹtì. "Mo tọ́jú ẹ̀ títí ó fi kú," ni wọ́n wí.

Àǹtí náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí, ó jókòó tì wọ́n.

"Mo dé ojúlé tí ẹ júwe," ó ní. "Obìnrin yẹn wà. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo kí i fún yín. Mi ò bèèrè nǹkan kan, bí ẹ ṣe wí."

"Ṣé ó wà?"

"Ó wà. Ó ń rán aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé."

"Ta ló ń rán aṣọ?"

"Máṣíìnì yín. Ọmọ obìnrin náà ló jókòó sídìí ẹ̀. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ lò ó, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjì ti fi kọ́ṣẹ́."

Mo rí inú tó bí màmá mi. "Ó lò ó? Àmánà mi? Mo sọ fún un pé àmánà ni, mo fi èdè wọn sọ ọ́!"

"Ó lò ó, Màmá. Ó ní tí òun bá bò ó mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kí ni ẹ máa bá? Ó ní bẹ́líìtì ẹ̀ ti já lọ́pọ̀ ìgbà, òun ń pààrọ̀ ẹ̀. Pákó ẹ̀ náà, òun ti pààrọ̀ ẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ jókòó kí ẹ máa rán aṣọ yín lọ, ẹ ò ní í wá epo." Àǹtí fi ọwọ́ kan ìpáàrà náà. "Àti pé orúkọ yín ni wọ́n ń pè é."

"Wọ́n ń pe kí ni?"

"Máṣíìnì náà. Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀ yín, wọ́n ṣáà rò pé bó ṣe ń jẹ́ nìyẹn. Ìyá wọn á ní, ẹ lọ nu lágbájá lójú. Ẹ gbé lágbájá kúrò nínú oòrùn."

Ó sì pe orúkọ náà. Orúkọ tí bàbá tó bí màmá mi sọ wọ́n ni. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é mọ́. Ní Agbowó, ìyá lọ́yà ni wọ́n, kí n tó wọ yunifásítì, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n. Orúkọ wọn ti wà ní Kùmásì láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ń pè é láàárọ̀, wọ́n ń pè é lálẹ́, ní ìlú tí wọ́n ti lé wọn.

Màmá mi kò sunkún, èmi ni mo sunkún. Wọ́n fi ìdí ìró nu ojú wọn tó gbẹ, wọ́n yíjú sí mi.

"Gbé kẹrosíìnì wá."

"Ìgò mélòó?"

"Ṣé mo ní kó o kà á ni?"

Mo kó gbogbo ohun tó wà níta wọlé. Wọ́n gbé máṣíìnì náà sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tú u, wọ́n ń fi àkísà àti ìyẹ́ adìyẹ nù ún, wọ́n jọ ń bú u ní èdè Àṣàǹtì. Bàbá onílé gbé àga jáde, ó jókòó tì wọ́n, ó ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, òun ti wí. Ìrọ̀lẹ́ ti ń dé nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà dún, tó sún díẹ̀, tó tún sún, tó wá yí. Nígbà tí wọ́n tò ó padà tán, Àǹtí fi ọwọ́ nu àpótí, ó tì í síwájú màmá mi.

"Tìẹ ni," màmá mi ní.

"Mo mọ̀. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó. Láti Kùmásì, wọn ò jókòó sídìí máṣíìnì kankan mọ́. Mo rò pé ẹsẹ̀ wọn á ti gbàgbé, kò gbàgbé. Wọ́n gbé bùláòsì mi sábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n so apá kejì mọ́ ọn, wọ́n rán an yí po láì gbé ojú sókè. Bùláòsì náà kò gbà mí mọ́ nígbà yẹn, àmì ìpáàrà sì wà ní èjìká rẹ̀ títí dòní, ọṣẹ kankan kò ràn án. Nígbà tí wọ́n rán an tán, màmá mi fi eyín já òwú, wọ́n sì ní kí Àǹtí tún pe orúkọ náà kí àwọn gbọ́.